Ògiri tí kò lanu ni omi ń wó

Nínú oṣù Kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òru ní Ìdáàṣà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ògiri ẹ̀yìn ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti dojú bolẹ̀. Orí ilé ìdáná ló wó sí. Ìkòkò, ààrò àti igi ìdáná, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ bíríkì àti ẹrẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé òru ni. Ká ní àárọ̀ ni, nígbà tí àwọn ọmọ máa ń jókòó yí ààrò ká tí wọ́n ń retí ẹ̀kọ gbígbóná, òkú là bá máa sin lọ́jọ́ náà.

Ògiri yìí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n mọ ọ́n. Bíríkì rẹ̀ dára, símẹ́ńtì rẹ̀ kò kéré, wọ́n sì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ewu ló ń béèrè ohun kan náà: kí ló lè wó ògiri tó lágbára tó báyìí? Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Àwọn kan ní mọlémọlé ló jí símẹ́ńtì gbé. Èmi náà kò sinmi. Mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ti kọ sílẹ̀ lórí irú ògiri bẹ́ẹ̀, mo sì padà lọ wo àlàpà rẹ̀ lójú ọ̀sán. Ohun tí mo rí kọ́ ni mo gbé wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sí ẹsẹ̀ òkè ní Ìdáàṣà, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Atakpamé, àti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń gé ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti rí àyè kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí etí títì.

Ọ̀tá tí kì í sùn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ògiri sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ògiri ilé ń ru òrùlé. Láti òkè ni ìwúwo ti ń tẹ̀ ẹ́ wá sísàlẹ̀. Ògiri ọgbà kò ru nǹkan kan, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń bá a jà. Àmọ́ ògiri tí a mọ láti fi dá erùpẹ̀ dúró, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ilẹ̀ iwájú rẹ̀ lọ, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ti ń tì í. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ògiri ìdènà erùpẹ̀.

Ará Kétu mọ Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wọn. Odi àti yàrà tó yí Kétu ká láyé ogun, ọ̀tá ni wọ́n ń dènà, títí àwọn ọmọ ogun Dahomey fi kó ìlú náà ní ọdún 1886. Ọ̀tá tó jẹ́ ènìyàn a máa sinmi, a máa padà sílé lọ jẹun. Erùpẹ̀ kì í sinmi. Ó ń ti ògiri lọ́sàn-án, ó ń tì í lóru, lọ́dún tí wọ́n mọ ọ́n àti lọ́dún ogún sí i. Ẹni tó bá mọ ògiri ìdènà erùpẹ̀ bí ẹni mọ ògiri ọgbà, gbèsè ló jẹ sílẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kan ni yóò san án.

Kí ló ń mú kí erùpẹ̀ máa ti ògiri? Ẹ wo ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà. Bí ó bá da gàrí sórí àtẹ, gàrí náà kò ní dúró ṣánṣán. Yóò ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, yóò di òkìtì tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ ni yóò sì dúró sí. Bí ìyá náà bá fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan òkìtì yẹn dúró ṣánṣán bí ògiri, àfi kó fi pákó gbá a mú. Gàrí tó fẹ́ yọ̀ wálẹ̀ ni pákó náà gbà mọ́ra. Ẹ yọ pákó, gàrí á wá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni erùpẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ṣe rí.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Charles-Augustin de Coulomb fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ lọ́nà tí wọ́n ṣì ń lò títí dòní. Onímọ̀ ìkọ́lé fún àwọn ológun ni. Ó lo bí ọdún mẹ́jọ ní erékùṣù Martinique, níbi tó ti ń kọ́ odi ológun sórí òkè. Nígbà tó padà délé, ó ka ìwé rẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Paris lọ́dún 1773, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1776. Ohun tó sọ ni pé kì í ṣe gbogbo òkè ló ń ti ògiri. Apá kan erùpẹ̀ ni, tó rí bí orí àáké, tó fẹ̀ lókè, tó sì tín-ín-rín níbi ẹsẹ̀ ògiri. Apá yẹn ló fẹ́ yọ̀ wálẹ̀. Bí a bá mọ ìwúwo rẹ̀ àti bí erùpẹ̀ náà ṣe di ara rẹ̀ mú tó, a ó mọ agbára tí ògiri gbọ́dọ̀ ní.

Bí ògiri bá ga sí i

Ẹ jẹ́ ká fi yanrìn gbígbẹ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ògiri bá ga ní mítà 2, yanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn rẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó tọ́ọ̀nù 1.2. Ó dà bí ẹni pé ìwúwo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan fara ti mítà kọ̀ọ̀kan ògiri náà, tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ògiri bá ga ní mítà 3, agbára náà di bíi tọ́ọ̀nù 2.7. Ní mítà 4, ó di bíi tọ́ọ̀nù 4.8.

Ẹ wò ó dáadáa. Gíga di ìlọ́po méjì, agbára tó ń ti ògiri di ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tó fẹ́ yí i dojú bolẹ̀ tún wá di ìlọ́po mẹ́jọ, nítorí pé bí ògiri ti ń ga ni ibi tí wọ́n ti ń tì í náà ń jìnnà sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fi bíríkì lásán mọ ògiri mítà kan, tó sì dúró, kò gbọdọ̀ sọ pé bí òun yóò ṣe mọ ti mítà mẹ́ta náà nìyẹn.

Ohun tí a bá gbé sórí ilẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà ń fi kún un. Òkìtì bíríkì, tírélà tó wá já ẹrù, àgbá omi, ilé tuntun tí aládùúgbò kọ́ sókè, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ erùpẹ̀, erùpẹ̀ náà á sì gbé e wá ti ògiri.

Omi ló léwu jù

Nígbà tí mo padà lọ wo àlàpà ògiri Màmá, ohun kan hàn sí mi tí kò hàn sí mi tẹ́lẹ̀. Kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n fi símẹ́ńtì dí i pa. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì rèé, amọ̀ ni wọ́n kó dà sí i, amọ̀ tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí wọ́n ń wá ìpìlẹ̀. Gbogbo omi òjò tó ṣàn bọ̀ láti orí òkè ni ògiri náà gbà dúró. Ó di ìsédò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́ ìsédò.

Yanrìn gbígbẹ ń di ara rẹ̀ mú, ìyẹn ló jẹ́ kí ó lè dúró ní òkìtì. Omi kò lè dúró ní òkìtì. Kò di ara rẹ̀ mú rárá, nítorí náà gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló fi ń ti ohun tó bá dí i lọ́nà. Ògiri mítà 2 tí yanrìn gbígbẹ fi tọ́ọ̀nù 1.2 tì, bí omi bá kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè, ohun tí yóò máa tì í yóò tó tọ́ọ̀nù 2.6. Ó ju ìlọ́po méjì lọ, láàárín òru ọjọ́ kan. Omi kan náà á tún rọ ilẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí amọ̀ bá sì wà níbẹ̀, yóò mu omi, yóò wú, yóò tún máa tì í sí i.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni lórí ọ̀rọ̀ ìdílé. Lórí ògiri ìdènà erùpẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni ká rántí: bí kò bá lanu, omi á wó o.

Bí ògiri ṣe ń lanu nìyí:

Ẹ fi páìpù la ògiri kọjá láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Kí ìlà àkọ́kọ́ wà nísàlẹ̀, díẹ̀ sókè ilẹ̀ iwájú, kí àlàfo mítà kan àti ààbọ̀ tàbí méjì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Kí wọ́n dà sí iwájú díẹ̀, kí omi lè máa ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Bí ògiri bá ga, ẹ fi ìlà mìíràn sí i lókè.

Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn ògiri, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, láti ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè. Ọ̀nà omi nìyẹn. Omi tó bá dé ibẹ̀ á já wálẹ̀ lọ bá páìpù, kò ní ráyè gbára jọ. Kí erùpẹ̀ má baà tẹ̀ lé omi wá dí páìpù, ẹ fi òkúta tó tóbi díẹ̀ sí ẹnu páìpù, kí èyí tó kéré tẹ̀ lé e, kí yanrìn tó le tẹ̀ lé ìyẹn. Àwọn aṣọ kan tún wà tí wọ́n ń hun fún iṣẹ́ yìí, tó ń sẹ́ omi bí asẹ́ ṣe ń sẹ́ ògì.

Ẹ la gọ́tà sí orí ilẹ̀ tó wà lókè ògiri, kí omi tó ń ṣàn láti orí òkè gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ẹ má jẹ́ kí omi òrùlé dà sí ẹ̀yìn ògiri.

Ẹ má fi amọ̀ kún ẹ̀yìn ògiri. Yanrìn tàbí ilẹ̀ olókúta ló yẹ. Ẹ kó o sí i ní ìpele ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan má ju sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 lọ, kí ẹ sì gún un kí ẹ tó da òmíràn lé e.

Ọ̀nà mẹ́rin tí ògiri ń gbà lọ

Ògiri ìdènà erùpẹ̀ lè yọ̀ síwájú láti ìdí. Ó lè dojú bolẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè rì. Ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì lè ṣẹ́ sí méjì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ́n gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú ọgbọ́n rẹ̀ ni ògiri òkúta tó wúwo. Ìwúwo rẹ̀ ló fi ń dúró. Ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀, bí ìdajì gíga rẹ̀ sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ògiri òkúta tó bá ga ní mítà 2, kí ìdí rẹ̀ má dín sí mítà kan. Kí òkè rẹ̀ dẹ̀yìn díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ erùpẹ̀. Ògiri Màmá ńkọ́? Bíríkì kan ṣoṣo ni ìnípọn rẹ̀, láti ìdí dé orí.

Èkejì ni ògiri kọnkéré onírin tó ní ẹsẹ̀ gbọọrọ lábẹ́ erùpẹ̀, bíi lẹ́tà L. Erùpẹ̀ jókòó lé ẹsẹ̀ yẹn lórí. Erùpẹ̀ tó fẹ́ wó o ló tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àṣìṣe kan wà níbí tí kì í hàn títí ògiri fi wó: ibi tí wọ́n to irin sí. Ẹ mú ọ̀pá tútù kan, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń nà ni yóò kọ́kọ́ ya. Kọnkéré lè fara da ohun tó ń tẹ̀ ẹ́, kò lè fara da ohun tó ń fà á. Bí erùpẹ̀ ṣe ń ti ògiri síwájú, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí erùpẹ̀ ni ó ń nà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni irin gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bá to irin sí ẹ̀gbẹ́ iwájú nìkan ti fi owó irin ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni àpótí wáyà tí wọ́n kó òkúta kún. Ẹ ti rí i lẹ́bàá títì àti lẹ́bàá afárá. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí páìpù, bí ilẹ̀ bá sì rì díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, yóò tẹ̀ lé e láìfọ́. Ní ìlú tí wọ́n ń pè ní ìlú òkè 41, tí òkúta pọ̀ níbẹ̀ ju bíríkì lọ, ó yẹ ká máa rántí rẹ̀. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í tètè dípẹtà. Ìdí rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fẹ̀ bíi ti ògiri òkúta.

Bí ilẹ̀ bá mì ńkọ́?

Ẹlòmíràn lè sọ pé ti òjò la mọ̀, kò sí ìmìtìtì ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Lóòótọ́, ilẹ̀ wa kì í ṣe Japan. Àmọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1939, ilẹ̀ mì tìtì ní Accra, ó wó ọ̀pọ̀ ilé, ó sì pa ènìyàn tó lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn òkè Akwapim tó wà nítòsí Accra, ìran òkè kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn òkè Togo àti Atacora ní àríwá Benin. Lọ́dún 1983, ilẹ̀ mì ní Guinea, ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn sì kú. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n lára pé ilẹ̀ mì díẹ̀ ní gúúsù Benin níbí àti ní agbègbè Abẹ́òkúta. Kì í wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà ibí.

Kí ni ìmìtìtì ilẹ̀ ń ṣe sí ògiri ìdènà erùpẹ̀? Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gun zémìjàn, tí awakọ̀ tẹ bíréèkì lójijì. Ara yín lọ síwájú, ẹ lọ lu ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó tì yín. Ìwúwo yín fúnra rẹ̀ ló gbé yín lọ. Bí ilẹ̀ bá mì, bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ṣe ń lọ lu ògiri, tí ìwúwo ògiri náà sì ń gbé òun fúnra rẹ̀ lọ síwájú.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1923, ìmìtìtì ilẹ̀ ba Tokyo àti Yokohama jẹ́, ó pa ènìyàn tó ju 100,000 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ọmọ Japan méjì, Okabe àti Mononobe, mú ìṣirò Coulomb, wọ́n sì fi ti ìmìtìtì kún un. Ọ̀nà wọn yìí ni àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ṣì ń fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò títí dòní. Bí ilẹ̀ bá mì débi pé agbára tó ń ti nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀, ohun tí yanrìn gbígbẹ fi ń ti ògiri yóò fi bí ìdá méjì nínú márùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi wé ti omi tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, tó ju ìlọ́po méjì lọ. Ògiri tí wọ́n mọ dáadáa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ní ìrètí láti la ìmìtìtì kékeré já. Èyí tí omi ti ń bá jà tẹ́lẹ̀, ìmìtìtì kàn wá parí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì ní Kobe ní Japan, ènìyàn tó ju 6,000 lọ sì kú. Lẹ́bàá ojú irin, ọ̀pọ̀ ògiri ìdènà erùpẹ̀ tó dàgbà, tó jẹ́ ìwúwo òkúta àti kọnkéré aláìnírin nìkan ló fi ń dúró, ló wó. Ní èbúté, níbi tí erùpẹ̀ ẹ̀yìn ògiri ti kún fún omi, ìmìtìtì náà sọ erùpẹ̀ di bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, àwọn ògiri ńlá sì yẹ̀ síta ní mítà mélòó kan.

Ṣùgbọ́n níbì kan tó ń jẹ́ Tanata, ògiri kan dúró. Ọdún 1992 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilé onípákó wó lulẹ̀ ní àyíká rẹ̀, òun kàn yẹ̀ díẹ̀ ni. Kí ni wọ́n ṣe tí ó fi rí bẹ́ẹ̀? Wọ́n tẹ́ àwọ̀n líle sínú erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìpele ìpele, bí ẹni tẹ́ ẹní lé ẹní, wọ́n sì so ojú ògiri mọ́ àwọn àwọ̀n náà. Erùpẹ̀ àti ògiri di ara kan. Nígbà tí ilẹ̀ mì, wọ́n jọ mì pọ̀, ọ̀kan kò ti èkejì ṣubú. Lẹ́yìn náà, irú ògiri yìí ni wọ́n fi dípò ọ̀pọ̀ èyí tó wó lẹ́bàá ojú irin.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò ṣòro. Ìdí tó fẹ̀, omi tó ń jáde, erùpẹ̀ tí wọ́n gún dáadáa, ara ògiri tó so pọ̀: ohun tó ń gbà wá lọ́wọ́ òjò ọdọọdún náà ni yóò ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá mì. A kò ní san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kó tó wó, ó máa ń sọ̀rọ̀

Ògiri kì í sábà wó láìkìlọ̀. Àwọn àmì tó yẹ ká máa wò nìyí: bí ó bá ń tẹ̀ síwájú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí àárín rẹ̀ bá wú bí ikùn, bí ó bá sán ní ìlà tó lọ gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, bí ilẹ̀ bá là láàárín òkè ògiri àti erùpẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, bí omi tó ń jáde nínú páìpù bá dẹ́kun lójijì nígbà tí òjò ń rọ̀, tàbí tó ń gbé ẹrẹ̀ jáde láìdáwọ́ dúró.

Bí ẹ bá rí irú èyí, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ná. Ẹ má ṣe sùn sí yàrá tó kọjú sí i. Ẹ kó ẹrù tó wà lókè rẹ̀ kúrò, ẹ darí omi gba ibòmíràn, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ ògiri láé, nítorí ilẹ̀ yẹn ló fi ẹsẹ̀ tì. Ẹ má sì rẹ́ ojú ibi tó sán kí aráyé má baà rí i. Símẹ́ńtì tí a fi bo ojú rẹ̀ kò dín ohun tó wà lẹ́yìn kù.

Ògiri tó bá fẹ́ ju mítà kan àti ààbọ̀ sí méjì lọ, tàbí tí ilé wà lókè rẹ̀ tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe iṣẹ́ àfojúdá. Onímọ̀ ìkọ́lé gbọ́dọ̀ wo ilẹ̀ náà kó sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Òkè tó fúnra rẹ̀ ń yẹ̀, kò sí ògiri bíríkì tó lè dá a dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò àrọ̀ìrọ̀dá, ẹ̀gbẹ́ òkè kan ya lulẹ̀ ní Regent lẹ́bàá Freetown ní Sierra Leone. Àwọn tó kú àti àwọn tí wọn kò rí mọ́ ju 1,000 lọ. Ibi tí òkè bá ti ń yẹ̀, kíkúrò níbẹ̀ nìkan ni ògiri.

Ohun tí Màmá sọ

Nígbà tí a fẹ́ tún ògiri náà mọ, a pe mọlémọlé mìíràn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó gbà pé kí ìdí fẹ̀, ó gbà pé ká fi òkúta mọ ọ́n. Ibi ihò ni kò ti gbà.

Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, bí a bá dá ihò sí i, ejò àti alángbá á sọ ibẹ̀ dilé. Ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé bí ògiri ò lanu, alángbá ò lè wọ̀ ọ́."

Màmá wo ibi tí ilé ìdáná rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí alángbá wọ̀ ọ́. Alángbá ò wó ilé ìdáná mi rí."

Páìpù mẹ́fà ni wọ́n fi sí i, pẹ̀lú wáyà wínníwínní lẹ́nu rẹ̀ nítorí ejò. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, gọ́tà sì wà lókè. Gbogbo owó páìpù àti òkúta wẹ́wẹ́ náà kò tó owó símẹ́ńtì àkọ́kọ́ tó bá òjò lọ. Mọlémọlé náà ló tò ó, ó sì tò ó dáadáa.

Òjò ti rọ̀ lé e lórí láti ìgbà náà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi pupa ló ń jáde nínú páìpù. Lọ́jọ́ kẹta, ó mọ́. Màmá gbé garawa sí abẹ́ ọ̀kan nínú wọn, omi ibẹ̀ ló fi ń fọ ìkòkò. Wáyà ẹnu páìpù kejì ti ya díẹ̀, alángbá kan sì ti ń gbé ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e.

Kí òjò tó tún dé, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín lọ wo ògiri tó ń dá erùpẹ̀ dúró. Ẹ wò ó bóyá ó lanu.